Ọjọ́ Tí Tíṣà So Nóónù Mọ́ Ẹ̀rọ Omi

Ilé ìwé kékeré kan wà lẹ́yìn ògiri ilé mi níbí ní Olódì-Apápá. Láràárọ̀, bí àwọn tírélà tó ń lọ sí èbúté Tínkáàn bá ti sinmi fèrè fún ìṣẹ́jú kan, ohùn àwọn ọmọ náà ni mo máa ń gbọ́, wọ́n á máa ké bí ẹyẹ ẹ̀gà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sídìí fèrèsé, mò ń gé èékánná ẹsẹ̀ mi, ni tíṣà wọn, ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ mú bí abẹ, bá pariwo pé, “Concrete noun!” Àwọn ọmọ dáhùn: table, stone, goat, bread. Ó tún pariwo pé, “Abstract noun!” Wọ́n ní: love, fear, wisdom, honesty. Bí wọ́n ṣe dárúkọ honesty báyìí, ńṣe ni mo fọwọ́ kan àpò mi, mo yẹ̀ ẹ́ wò bóyá fóònù mi ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ má bínú. Kì í ṣe àwọn ọmọ ni mo fura sí. Irú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mi ò fọkàn tán. Bí ẹnì kan bá ní òun fún ẹ ní ewúrẹ́, wàá ní kó fà á wá kí o fọwọ́ kan ìwo rẹ̀. Tó bá wá ní ìdàgbàsókè lòun fẹ́ fún ẹ ńkọ́? Níbo lo ti fẹ́ dì í mú? Láti ìgbà tí mo ti mọ ọwọ́ ọ̀tún mi yàtọ̀ sí òsì ni wọ́n ti ń gbé ìdàgbàsókè bọ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Bóyá inú ọ̀kan nínú àwọn tírélà tó tò sójú ọ̀nà yìí ló wà, tí kò tíì ráyè kọjá.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ní ọ̀rọ̀-orúkọ afòyemọ̀ ni wọ́n ń pè é ní Yorùbá, pé òye lèèyàn fi ń mọ̀ ọ́n. Èmi ò kọ́ ọ. Orí concrete ni ìwé mi ti dúró. Ohun tó dá a dúró síbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ, nítorí àwọn tó lè já mi ní koro ti kú tán, àǹfààní ńlá sì nìyẹn fún ẹni tó ń sọ̀tàn.

Ajégúnlẹ̀ tí mò ń wí yìí, ilẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ju ẹ̀kọ lọ. Tí o bá dúró lójú kan tí ò ń kí èèyàn, kí o tó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, ilẹ̀ ti gbé ẹ mì dé orúnkún. Pákó la fi ń ṣe ọ̀nà láti ojúlé dé ojúlé, pákó àpótí ẹrù tí àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù ń rù bọ̀ láti Apápá. Ìkọ̀wé òyìnbó wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, débi pé àwa ọmọdé mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Liverpool kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ bàbá wa. Ní ti ẹ̀fọn, ẹ jẹ́ ká má sọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Ọ̀kan wà ní yàrá tiwa tí ìyá àgbà mi fún ní orúkọ. Tó bá ti pariwo jù, ìyá àgbà á ní, “Làmídì, ó tó gẹ́ẹ́!”, á sì lọ bà sára ògiri. Ibi tí Tínkáàn wà lónìí, ọ̀pẹ àti ẹrẹ̀ ni. Fèrè ọkọ̀ ojú omi ni aago wa, òórùn ẹja gbígbẹ àti epo ọkọ̀ sì ni atẹ́gùn wa.

Ilé tí a ń gbé ní yàrá mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ kọjú sí mẹ́jọ. Ìlàjẹ wà níbẹ̀, Íjọ̀ wà níbẹ̀, Ìbò wà níbẹ̀, Hausa kan tó ń tún bàtà ṣe wà níbẹ̀, àwa Yorùbá la sì pọ̀ jù, tí a tún ń pariwo jù. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà fún gbogbo wa. Àárín àgbàlá ló wà, wọ́n fi wáyà dì í mọ́ òpó igi kan. Omi á dé ní ìdájí, á sì lọ nígbà tí oòrùn bá yọ. Ẹni tó bá pàdánù àsìkò náà, kó yáa máa fi itọ́ fọ ojú.

Yàrá méjì tó wà níwájú ilé ni ilé ìwé wa. Bàbá Onílé, arúgbó kan tó ń rìn bí ẹni pé òun ló ni ilẹ̀ títí dé Kirikiri, ló fi wọ́n háyà fún ẹni tó ni ilé ìwé. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ìjọ aláṣọ funfun kan á gba yàrá náà fún àdúrà, nítorí náà a ò gbọdọ̀ fi ohunkóhun sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣọ́ọ̀kì kan. Wọ́n ní Ẹ̀mí kì í fẹ́ ìdọ̀tí.

Tíṣà wa ń jẹ́ Ẹfe, ará Sàpẹ́lẹ̀ ni. Kò tíì lò ju oṣù mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ wa. Ó ga, ó tín-ín-rín, ó máa ń ki ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò bí ẹni ń di ẹrù tó fẹ́ gbé lọ sókè òkun. Yorùbá tó gbọ́ kò ju “ẹ káàárọ̀” lọ, ó sì ń lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò fẹ́ gbọ́ píjìn lẹ́nu wa rárá, ó ní ó ń ba gírámà jẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ ẹ̀kọ́ kọ́, ká má parọ́. Ohun tí àwọn mìíràn fi pàṣán kọ́ wa lọ́dún kan tí kò wọlé, òun fi ẹ̀rín kọ́ wa lọ́sẹ̀ kan. Ọmọ mẹ́rìnlá ni wá ní kíláàsì náà. Èmi ni mo gbọ́ òyìnbó jù, ni Bàbá Onílé bá ń pè mí ní Akọ̀wé, tó máa ń ní kí n wá ka ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Èyí tí mi ò bá lóye níbẹ̀, mo máa ń ṣe é láti inú orí mi. Kò sẹ́ni tó mú mi rí.

Ìyá àgbà mi, ìyá tó bí ìyá mi, ló tọ́ mi dàgbà. Onídìrí ni. Orí gbogbo obìnrin ilé náà ló ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò tíì rí ẹni tó ń fura bíi tirẹ̀ láyé. Tó bá ra ẹyin, á mì í létí. Tí wọ́n bá ń gbàdúrà fún un, ojú kan ló máa ń dì, á fi ìkejì ṣọ́ ẹni tó ń gbàdúrà. Ó ní òòyà onígi kan tí ìyá tirẹ̀ fi sílẹ̀ fún un láti Ìjẹ̀bú, eyín mẹ́ta ti kán lára rẹ̀. Òun ló fi ń la irun. Tó bá ti là á tán, á fi ìborùn wé e, á ti í bọ abẹ́ ẹní.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Tíṣà Ẹfe kọ concrete noun sójú bọ́ọ̀dù. Ó ní òun ni orúkọ gbogbo ohun tí ojú lè rí, tí ọwọ́ lè kàn, tí imú lè gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó ní kí oníkálukú mú ọ̀kan wá láti ilé lọ́la. Ó ní tó bá di ọjọ́ Ẹtì, òun máa kọ́ wa ní èkejì rẹ̀, abstract, èyí tí ó nira jù, tó sì dùn jù. Ọmọ kan nawọ́, ó béèrè bóyá òun lè mú àbúrò òun wá, nítorí pé ó ṣeé rí, ó ṣeé fọwọ́ kàn, ó sì ń rùn. Tíṣà ní kó fi í sílé.

Ẹ̀yin ẹ rò ó wò. Ìyá wo ló máa jẹ́ kí ọmọ gbé abọ́ tuntun jáde nítorí gírámà? A mọ̀ pé tí a bá tọrọ, ìfọ́tí la ó gbà. Kò sí ẹni tó tọrọ nínú wa. Ohun tí a rò pé wọn ò ní wá la fà yọ níkọ̀kọ̀. Ẹnì kan mú bàtà ẹsẹ̀ kan tó ti já. Ẹnì kan mú kùkù àgbàdo, ẹnì kan mú ìkarahun ìgbín, ẹnì kan mú àgékù ìgbálẹ̀. Àkísà pupa wà níbẹ̀, ata gbígbẹ wà níbẹ̀, àfọ́kù igbá wà níbẹ̀. Èmi? Mo na ọwọ́ sábẹ́ ẹní, mo fa òòyà Ìyá Àgbà yọ. Mo rò pé kí ó tó wá a, màá ti dá a padà. Mi ò mọ̀ pé orí Ìyá Ràfíù, tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ni Ìyá Àgbà fẹ́ dì parí ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an.

Inú Tíṣà dùn débi pé ó ń fò. Ó so gbogbo rẹ̀ mọ́ okùn kan ṣoṣo, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, ó gbé e kọ́ iwájú kíláàsì, ó ń fi ọ̀pá kàn wọ́n, àwa sì ń pariwo: Comb! Shoe! Shell! Rag! Nígbà tí a ṣe tán, àwọn aláṣọ funfun ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú agogo wọn. Tíṣà gbé okùn náà jáde, ó ń wá ibi tó máa fi í sí tí ewúrẹ́ ò ní jẹ kùkù àgbàdo. Ó rí ìṣó kan lára òpó ẹ̀rọ omi. Ó gbé e kọ́ ọ, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú ilé onígéètì lè má mọ ohun tó ń jẹ́ àálè. Láyé àtijọ́, tí èèyàn bá kó igi ìdáná jọ sẹ́bàá ọ̀nà oko, tàbí tí ọsàn rẹ̀ pọ́n tí kò lè sùn tì í, kì í gba ọdẹ. Ó máa kó nǹkan tí ayé ti lò tán jọ: bàtà tó ti já, àkísà pupa, kùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín, òòyà tó ti kán. Á so wọ́n pọ̀, á fi kọ́ ohun ìní rẹ̀. Kò kọ ìwé kankan sí i. Gbogbo Yorùbá tó bá rí i ló mọ̀ pé ohun tó ń sọ ni pé, kí ayé ẹni tó bá jí ohun yìí dà bíi tàwọn nǹkan wọ̀nyí. Olè á débẹ̀, á wo bàtà, á wo ara rẹ̀, á rántí pé iṣẹ́ ń dúró de òun nílé.

Sàpẹ́lẹ̀ ni Tíṣà ti wá. Ta ló máa sọ fún un?

Ìyá Ràfíù ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Igbe tó fi ta, ọkọ̀ ojú omi kan ní Apápá dá a lóhùn. Gbogbo ilé jáde. Omi ti dé, à ń gbọ́ tó ń kùn nínú páìpù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ. Àwọn Ìbò àti Íjọ̀ tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ fẹ́ pọn tiwọn. Nígbà tí wọ́n rí bí àwọn Yorùbá ṣe ń fi ẹ̀yìn rìn, àwọn náà gbé garawa wọn sẹ́yìn. Ọlọ́gbọ́n kì í dúró béèrè ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń sá fún.

“Ta ló so ó?” Bàbá Onílé béèrè.

Ó wo ojú wa yíká.

“Kí ni wọ́n jí gbé?”

Ìbéèrè yìí ló ba ilé jẹ́, nítorí ẹni tó bá ní ohun ẹlòmíràn lọ́wọ́ rò pé òun ni wọ́n so ó dè. Oníkálukú wo ẹni kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fọ́nká, wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ gbé nǹkan wá. Òótọ́ sì ni, wọ́n lọ gbé nǹkan wá. Kí oòrùn tó yọ tán, ìdí ẹ̀rọ ti kún. Ìdérí ìkòkò tí wọ́n wá lọ́dún Ìleyá méjì sẹ́yìn padà dé. Fìtílà dé. Àáké dé. Ẹsẹ̀ bàtà kan tí Hausa aránbàtà ti bẹ oníbàárà rẹ̀ títí nítorí pé ó sọnù dé. Adìẹ kan tí Bàbá Onílé ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ padà dé pẹ̀lú ọmọ méje àti ọmọ ọmọ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó gbé nǹkan kan sílẹ̀. O kàn máa yíjú, á ti pọ̀ sí i. Ilé tí a rò pé a ti ń gbé pọ̀ bí ọmọ ìyá, a wá rí i pé àpò olè la wà. Ẹni tó gba ohun ìní rẹ̀ padà kò dúpẹ́, ojú àwọn tó yí i ká ló ń wò. Ìyá Ràfíù ń wo ìyá àgbà mi, ìyá àgbà mi ń wo Ìyá Ràfíù, nítorí pé ní àná, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lórí òòyà tó sọnù. Ìyá Àgbà ní kò sí orí mìíràn tó kan òòyà náà gbẹ̀yìn bí kò ṣe ti Ìyá Ràfíù.

Bẹ́ẹ̀ la wà nígbà tí Tíṣà dé.

“Ẹ káàárọ̀ o!” Ó lọ tààrà sídìí òpó, ó ṣí okùn náà kúrò pẹ̀lú ọwọ́ lásán, ó gbé e kọ́ ọrùn ara rẹ̀ kó lè ráyè gbé àpò ìwé rẹ̀.

Áà! Ẹ ò rí eré. Ọkùnrin kan fo ògiri, wọ́n ní Kirikiri ló ti balẹ̀, kò sì padà wá fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó lè fi àálè ṣe ẹ̀gbà ọrùn, ẹ̀rù ta ló máa bà á? Gbogbo ojú tó ti ń wo ara wọn láti àárọ̀ bá yí padà sí ojú kan ṣoṣo. Mo rí i bí ara ṣe tu gbogbo ilé. Wọ́n ti rí ẹni tí wọ́n máa fura sí tí kì í ṣe ará ilé.

Bàbá Onílé dúró lókèèrè. “Tíṣà, kí la fi ṣẹ̀ yín?”

“It is only nouns, sir,” ni Tíṣà wí. Nígbà tó rí i pé kò yé wọn, ó sọ gírámà sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́: “Baba, na noun! Ordinary noun!”

“Akọ̀wé!” Bàbá Onílé pè mí. “Máa bọ̀ níbí. Kí ló ń jẹ́ nóónù?”

Ohun tí Tíṣà fi kọ́ wa ni mo sọ, bó ṣe kọ́ wa gan-an. Mo ní, “Orúkọ ni, sà. Orúkọ èèyàn, tàbí ẹranko, tàbí ibìkan, tàbí nǹkan.”

“Orúkọ èèyàn!” Ìyá Ràfíù fọwọ́ lérí. “Yé è! Ó ti so orúkọ wa mọ́ ọn!”

“Orúkọ ta ló kọ́kọ́ so níbẹ̀?” ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

“Ẹ bi í léèrè ọjọ́ tó fẹ́ kí a kú!”

Tíṣà ń gbé ọwọ́ sókè, ó ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọ tí a tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. “Na di children bring am! Ask dem! Na dem bring everything from house!”

Píjìn yẹn yé onílé, ó yé àlejò. Bàbá Onílé tẹ̀ sọ́dọ̀ mi. “Ó ní ẹ̀yin ọmọ lẹ kó o wá. Akọ̀wé, ṣé òótọ́ ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, kí ẹ má baà rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Tíṣà á dúró. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, òòyà tó ń fì lọ fì bọ̀ lọ́rùn rẹ̀ yẹn á di tèmi. Ìyá Àgbà tó ti pe obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lólè á di ẹni ẹ̀sín, èmi náà á sì rí ohun tí màá rí. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ń wò mí. Ojú rẹ̀ le bí àpáta.

Mo ní, “Mi ò mọ̀, sà.”

Bàbá Onílé bi ọmọ tó tẹ̀ lé mi. “Mi ò mọ̀, sà.” Ó bi èyí tó tẹ̀ lé e. “Mi ò mọ̀, sà.” Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ dé ìdí ògiri. Ọmọ mẹ́rìnlá, à ń dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́. Tíṣà sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Bàbá Onílé ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ilé ìwé pé yálà kó mú tíṣà rẹ̀ kúrò lónìí, tàbí kó kó àga rẹ̀ kúrò nínú yàrá òun. Èsì dé kó tó di ọ̀sán. Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń tú àwọn nǹkan náà kúrò lára okùn, ó ń tò wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni pé wọ́n lè fọ́. Lẹ́yìn náà ó di ìwé rẹ̀, ó kó ṣọ́ọ̀kì rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀gbẹ́ mi ló gbà kọjá. Ó dúró. Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kò pọ̀, kò sì sọ ọ́ ní gírámà. “I know say you sabi book. I no know say you sabi lie.”

Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí Ìyá Àgbà tó jókòó sórí àpótí. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Ó tẹrí ba fún un. “Ẹ káàárọ̀, mà.”

Ìyá Àgbà yí ojú sí ògiri.

Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ dé lẹ́yìn oṣù méjì, orí verb ló ti bẹ̀rẹ̀. Kó tó dé, mo ti ń tẹ̀lé àbúrò bàbá mi lọ sí wọ́ọ̀fù Apápá, ibẹ̀ ni mo sì dàgbà sí. Mo gbé àpò ìrẹsì, mo gbé pánla, mo gbé irin. Gbogbo ohun tí mo gbé láyé mi ló ṣeé fọwọ́ kàn. Ní ti pánla, imú mi ò tíì dárí jì í.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Ojú Ìyá Àgbà ti ń ṣú, èmi ni mo ń bá a ya irun rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú òòyà rọ́bà. Ọjọ́ kan, láìjẹ́ pé a ń sọ̀rọ̀ tó jọ ọ́, ó ní, “Òòyà mi ìjọ́sí, láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti dá a mọ̀.”

Ọwọ́ mi dúró. “Ẹ rí i, Màmá? Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?”

“Kí n wí pé tèmi ni? Èmi onídìrí, tí irun orí gbogbo wọn ń já sí lọ́wọ́? Wọ́n á ní èmi ni mo so ó. Wọ́n á ní ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irun wọn ṣe nǹkan.” Ó yí orí padà. “Ìwọ ńkọ́? Kí ló dì ọ́ lẹ́nu?”

“Ẹ̀rù yín ló bà mí.”

“Ẹ̀rù tèmi?” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní eyín. “Èmi rò pé ìwọ lo mú òòyà mi fún un, kó fi ṣe mí ní nǹkan. Kò sí ọbẹ̀ tí o gbé fún mi nígbà yẹn tí mi ò ní kí o kọ́kọ́ tọ́ wò.”

Òótọ́ ni. Mo rántí. Mo ti rò pé ìkẹ́ ni. Mo yó ọbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, mo ń rò pé ọmọ àkẹ́bàjẹ́ ni mí. A jọ rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà a dẹ́kun ẹ̀rín nígbà kan náà, nítorí pé orúkọ ẹnì kan wà láàárín wa tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ pè é.

Ilé yẹn ti wó. Ilé alájà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ báyìí, wáyà ẹlẹ́gùn-ún wà lórí ògiri rẹ̀, kámẹ́rà mẹ́rin ló sì ń ṣọ́ ọ. Kámẹ́rà mọ olè í yà ní fọ́tò, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ pé ó mú kí ẹnikẹ́ni dá ìdérí ìkòkò padà. Ilẹ̀ ti le. Ẹ̀fọn ti kéré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní ìwà bíi ti Làmídì mọ́. Onílé kò mọ ayálégbé, ayálégbé kò mọ ẹni tó wà lókè òun. Ohun tí mi ò rí kó yí padà ni bí ara ṣe máa ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n bá ti rí àlejò kan tí wọ́n lè di ẹ̀bi rù. Mo ti rí i ní wọ́ọ̀fù, mo ti rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí i nínú fóònù yìí lójoojúmọ́. Ẹnu àwọn tó mọ òótọ́ sì máa ń wúwo bí irin.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé Sàpẹ́lẹ̀. Mo béèrè ọkùnrin gíga kan tó ń kọ́ni ní gírámà. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní tíṣà gíga pọ̀ níbẹ̀, Ẹfe sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá ṣì wà láyé, á ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Àwọn kan nínú yín lè ní mo ti sọ̀rọ̀ adìẹ tó bímọ, mo ti sọ̀rọ̀ ẹni tó fo ògiri dé Kirikiri, kí ló dé tí ẹ ó fi gba ìyókù gbọ́. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ máa fura. Ṣùgbọ́n èyí tó kù yìí, mi ò fi iyọ̀ sí i.

Bàbá Onílé, ẹ bi mí ní ìbéèrè kan lójú gbogbo ilé, mi ò sì dá yín lóhùn bó ṣe yẹ. Òótọ́ ni, sà. Àwa la kó o wá. Tíṣà Ẹfe kò so nǹkan kan mọ́ ẹnikẹ́ni.